Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Ìwé Ìtàn Yín Kọ Nígbà Líìfù Láìjẹ́ Kí Ilé Dàrú

Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù, tẹ́ ẹ ní ọkọ tàbí ìyàwó, tẹ́ ẹ lọ́mọ nílé, tẹ́ ẹ dẹ̀ ti kọ ìtàn àròsọ kan tán àmọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò tíì dáa tó láti gbé síta. Líìfù ti ń sún mọ́lé, ẹ ti ń sọ lọ́kàn yín pé àsìkò yìí lẹ máa tún un kọ látòkè délẹ̀. Ẹnìkejì yín náà ti ń sọ lọ́kàn tiẹ̀ pé àsìkò yìí lẹ máa bá òun kun ilé, àwọn ọmọ ń retí kẹ́ ẹ gbé wọn jáde, màmá yín ti gbọ́ pé ẹ máa ráàyè, gbogbo èèyàn ti pín líìfù yẹn tán kó tó bẹ̀rẹ̀, kò dẹ̀ sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn torí gbogbo wọn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí yín.

Ohun tó dá mi lójú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé aago tẹ́ ẹ máa dìde nídìí iṣẹ́ ṣe pàtàkì ju aago tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ lọ. Ará ilé lè fara da iṣẹ́ tó bá lópin. Èyí tí wọn ò lè fara dà ni "ó kù díẹ̀, mò ń bọ̀" tó máa ń gba wákàtí méjì, tí oúnjẹ á tutù, tí ọmọ á sùn lórí àga níbi tó ti ń dúró. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ọjọ́ líìfù bí ẹni mọ nǹkan tó ń ṣe

Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 gbáko lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán, pẹ̀lú owó ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì dẹ̀ ń fúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tiwa tó wà ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọjọ́ 28 lòfin fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá lè ka holidé ìjọba mọ́ ọn. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wọn, ohun tí ilé iṣẹ́ bá fún wọn ni wọ́n máa gbà. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mọ iye ọjọ́ tó wà lọ́wọ́ yín gan-an kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń mú ọjọ́, ẹ má mú Dẹsẹ́mbà o. Ayẹyẹ, aṣọ ẹbí, àlejò láti òkè òkun, ìrìn àjò lọ sílé, kò sí ìwé tó máa gbádùn àtúnkọ nínú ariwo yẹn, ẹ kàn máa bínú sí àwọn tó fẹ́ bá yín ṣeré ni. Ọ̀sẹ̀ Iléyá náà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìgbà tó dáa jù lójú tèmi ni May sí June (tí Iléyá ò bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ mú), tàbí October wọ November, nígbà tí ilé ìwé wà nínú táàmù. Láti aago mẹ́jọ títí dé aago kan ọ̀sán, ilé á dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ pín in: ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì nígbà táàmù fún ìwé, kẹ́ ẹ fi èyí tó kù sí August nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé, ẹ má dẹ̀ gbé ìwé kankan dání nínú ti August yẹn. Inú àwọn ọmọ á dùn, ẹ̀yin náà ò dẹ̀ ní máa ro orí kẹsàn-án níbi tẹ́ ẹ ti ń tì wọ́n lórí jangilọ́fà.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, ẹ jọ̀ọ́, líìfù ìbímọ kì í ṣe líìfù ìwé. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ, 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn ẹ̀, ara yín nílò gbogbo ẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé tọ́mọ bá sùn kẹ́ ẹ máa kọ̀wé. Tọ́mọ bá sùn, ẹ sùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jókòó bá ará ilé sọ̀rọ̀ kí líìfù tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má kàn sọ pé "mo fẹ́ ráàyè kọ̀wé díẹ̀." "Díẹ̀" yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ torí kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ sọ aago. Bí àpẹẹrẹ: láti aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, lẹ́yìn àsùbáà tàbí àdúrà òwúrọ̀, títí dé aago méje tí a máa múra fáwọn ọmọ, lẹ́yìn náà láti aago mẹ́sàn-án títí dé aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ó parí. Wákàtí mẹ́ta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó kéré létí yín, àmọ́ àtúnkọ kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi wákàtí mẹ́jọ ṣe, ó ń mu ọpọlọ gbẹ, lẹ́yìn wákàtí kẹta ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tó dáa rẹ́ torí pé ó ti rẹ̀ yín.

Ẹ wá bi ẹnìkejì yín pé kí lòun náà fẹ́ nínú líìfù yẹn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyàwó ni, tó ń ṣòwò lọ́jà, tó dẹ̀ sọ pé òun fẹ́ kí ẹ máa gbé àwọn ọmọ wálé láti ilé ìwé kí òun lè máa pẹ́ díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ni owó tẹ́ ẹ máa san fún wákàtí mẹ́ta yẹn, ẹ san án lójoojúmọ́ láìjẹ́ kó rán yín létí. Ẹni tó bá rí tiẹ̀ gbà lá máa bá yín ṣọ́ tiyín. Ẹ máa rí i pé òun gan-an lá máa sọ fáwọn ọmọ pé "ẹ jẹ́ kí dádì yín parí, aago ò tíì lù."

Ti ẹbí ńlá ló le jù. Tí àǹtí kan bá ti gbọ́ pé ẹ wà nílé, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá wọn san owó báǹkì, ẹ̀yin lẹ máa gbé wọn lọ sí ọsibítù, ẹ̀yin náà lẹ máa lọ rí mẹkáníìkì, torí "ṣebí o wà nílé." Mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́. Àmọ́ kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa gbé e sórí sitétọ́ọ̀sì WhatsApp pé líìfù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá mọ̀, ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ẹ má bínú mà, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán ni màá lè dé ọ̀dọ̀ yín." Lẹ́yìn aago méjì yẹn, ẹ lọ lóòótọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìwé

Ẹ sùn. Ẹ ṣe sáfísì jẹ́nẹ̀rétọ̀, ẹ tún ẹ̀rọ omi tó ti ń jò ṣe, ẹ gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti máa wo eyín ẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí, tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n máa wá yín wá láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ti wọnú ìtàn lọ.

Láàárín ọjọ́ méjì yìí náà ni kẹ́ ẹ lọ print ìwé yín. Mo mọ̀ pé owó ni, síbẹ̀ ẹ print ẹ̀, torí ojú máa ń rí lórí bébà ohun tí kò rí lójú kọ̀ǹpútà, bébà ò dẹ̀ nílò iná NEPA. Ìtàn tó bá tó ọ̀rọ̀ 80,000, tẹ́ ẹ bá fi àlàfo sáàárín ìlà, máa tó ojú ewé 270 lórí A4. Ojú kan ni kẹ́ ẹ print sí, kẹ́ ẹ lè máa kọ nǹkan sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín dì í pọ̀. Ẹ pín in sí ìdì bíi ojú ewé 30, ẹ kó ìdì kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé, ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára. Ìdì kan ṣeé gbé lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń dúró de ọmọ, síbi tí wọ́n ti ń dirun, sí ọsibítù, ojú ewé 270 tí wọ́n dì pọ̀ ò ṣeé gbé lọ síbì kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó tún nǹkan kan ṣe

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí ìdí tí líìfù fi wúlò fún ìwé nìyí. Àtúnṣe gbólóhùn, ẹ lè ṣe é nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tẹ́ ẹ bá ń jẹun ọ̀sán lọ́fíìsì, kódà nínú gòsílóò. Àmọ́ láti kó odindi ìtàn sórí lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí bàbá yẹn sọ lójú ewé 12 ò bá ohun tó ṣe lójú ewé 240 mu, ìyẹn gba ọjọ́ tó so kọ́ra, ẹ ò dẹ̀ lè rí irú ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fi líìfù ṣe àtúnṣe kọ́mà ti fi ohun tó wọ́n ra ohun tó pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ojú ewé 10, ẹ wo aago. Tó bá gba ìṣẹ́jú 25, a jẹ́ pé ojú ewé 270 máa gba nǹkan bíi wákàtí 11, tẹ́ ẹ bá ń ka wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin lẹ máa parí. Báyìí lẹ ṣe máa mọ ohun tẹ́ ẹ lè sọ fún ará ilé, kì í ṣe àfojúbù.

Bírò pupa kan, àmì mẹ́ta péré. Ìlà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìtàn ti ń fà. Àmì ìbéèrè níbi tí kò yé ẹ̀yin fúnra yín. Òbìrí níbi tí nǹkan méjì ti ta kora. Ẹ má tún gbólóhùn kankan ṣe, ó máa wù yín, ẹ má ṣe é, torí ẹ lè lo ìdajì wákàtí lórí ìpínrọ̀ kan tẹ́ ẹ ṣì máa yọ dànù lọ́jọ́ kẹfà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ya àwòrán ìtàn sínú ìwé eléwé 40

Ìlà kan fún orí kọ̀ọ̀kan. Orí kelòó, ọjọ́ wo tàbí ọdún wo, ibo ló ti ṣẹlẹ̀, àwọn ẹ̀dá ìtàn wo ló wà ńbẹ̀, kí ló yí padà kó tó parí. Tí orí kan ò bá ní ohun tó yí padà nínú ẹ̀, ẹ fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, orí yẹn ń wá ẹni tó máa yọ ọ́ tàbí ẹni tó máa dà á pọ̀ mọ́ òmíì.

Ẹ wá fi àwòrán yìí yẹ ọjọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ìtàn wa ló máa ń lọ sẹ́yìn sáyé ìgbà kan, ibẹ̀ dẹ̀ ni òǹkàwé tó dàgbà ti máa ń mú òǹkọ̀wé. Náírà bẹ̀rẹ̀ ní January 1973, nítorí náà ẹni tó ń rajà ní 1968 nínú ìtàn yín, pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ayé ijọ́hun ló máa ná. Ọjọ́ kejì oṣù April 1972 la bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún. Fóònù GSM dé ní 2001, ọmọ yunifásítì tó ń gba ìpè lórí GSM nínú yàrá ẹ̀ ní 1995 ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ní 1991, Èkìtì ní 1996, ṣáájú 1976 kò sí ohun tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ondó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Western State ni gbogbo ẹ̀ láti 1967, Western Region ló dẹ̀ ń jẹ́ ṣáájú ìyẹn. Ẹ yẹ ọ̀nà náà wò: kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ rìn láti Dùgbẹ̀ dé Ọ̀jọ́ọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ará Ìbàdàn tó bá ka ìyẹn máa pa ìwé yín dé.

Iṣẹ́ yìí, ẹ lè ṣe é láàárín àwọn èèyàn. Kò nílò ìdákẹ́jẹ́ bíi ti kíkọ. Tí màmá yín bá wà nílé, ẹ bi wọ́n léèrè nípa aṣọ, nípa iye tí wọ́n ń san ní mọ́tò nígbà yẹn, nípa orin tó ń lọ lóde. Inú wọn máa dùn, ìwé máa lówó lórí sí i, ẹ dẹ̀ ti jókòó ti màmá yín fún odindi ìrọ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àtúnṣe ńlá ló kọ́kọ́ ń lọ

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí: àkọ́kọ́, ètò àti ọjọ́ ìtàn, èkejì, ìwà àwọn ẹ̀dá ìtàn, ẹ̀kẹta, àwọn ìran tó yẹ ká yọ, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ la máa wá kan èdè. Ìjókòó kan, ìṣòro kan. Tẹ́ ẹ bá jókòó láàárọ̀ Tuesday láti tún ìdí tí ọmọbìnrin yẹn fi kúrò nílé ọkọ ṣe, ẹ tẹ̀lé òun nìkan kiri gbogbo orí tó ti farahàn, ẹ má wo ẹlòmíì. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ kọ ìlà méjì sínú ìwé nípa ibi tẹ́ ẹ dúró sí àti ohun tó kàn. Ìlà méjì yẹn ló ń jẹ́ kí èèyàn lè dìde ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ kó dẹ̀ fọkàn balẹ̀ bá àwọn ọmọ ṣeré, torí ohun tó ń mú wa sọ pé "ó kù díẹ̀" lọ́pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rù pé èrò yẹn máa sá lọ.

Ti àwọn ọmọ

Àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 10, tí wọ́n bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú yín, pẹ̀lú ìwé àti kíréyọ́ọ̀nù tiwọn. Ìṣẹ́jú 40, lẹ́yìn náà gbogbo yín dìde. Ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì lọmọdé máa ń kàn.

Lálẹ́, ẹ gbìyànjú èyí wò: ẹ fi orí kan nínú ìtàn yín pa àlọ́ fún wọn láìwo ìwé (orí tó bá ṣeé gbọ́ sétí ọmọdé ni o). Ibi tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé ohun tó kàn, ibẹ̀ ni ìtàn ò ti so kọ́ra, torí ohun tó bá fa ohun míì jáde kì í ṣòro rántí. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ pé "kí ló wá ṣẹlẹ̀?", ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀. Mi ò tíì rí àyẹ̀wò tó sàn jù èyí, ọmọ dẹ̀ rí àlọ́ gbọ́.

Àwọn ọmọ tó ti ń lọ sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ fún wọn ní ìdì kan kí wọ́n fàmì síbi tó ti wù wọ́n láti gbé fóònù. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó dáa. Wọ́n máa sọ pé ó dáa.

Ti ẹnìkejì yín, àti ti àwọn tó lè rí ara wọn nínú ìwé

Ẹ má gbé odindi ìwé lé ọkọ tàbí ìyàwó lọ́wọ́ nínú líìfù. Ó ti ń gbé ẹrù ilé kẹ́ ẹ lè ráàyè, ẹ tún wá ní kó máa ka ojú ewé 270 kó dẹ̀ máa ṣọ́ ẹnu. Ẹ mú ìran kan tó ṣòro fún yín, ẹ kà á sókè fún un, ẹ gbọ́ ohun tó bá sọ, ó tó.

Àmọ́ tí ohun kan nínú ìtàn yẹn bá jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí, bóyá ìyá ọkọ tó jọ ìyá ọkọ yín, bóyá ọ̀rọ̀ àbíkú tàbí ti ogún tẹ́gbọ́n tàbúrò jà sí, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ sọ fún ẹnìkejì yín nísinsìnyí, kó tó di ìwé. Yíyí orúkọ padà nìkan ò tó, ẹbí máa ń dá ara wọn mọ̀ nípa àṣà ọ̀rọ̀ ẹnu, nípa ilé, nípa iye ọmọ. Ẹ yí iṣẹ́ ẹ̀ padà, ẹ yí ìlú ẹ̀ padà, ẹ da èèyàn méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Tí èyí tó bá yín lára kò bá ṣeé yí padà láìba ìtàn jẹ́, ẹ lọ bá ẹni náà kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́, líìfù ni àsìkò tó dáa jù fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iná, àti ìwé tí kò gbọ́dọ̀ sọnù

Ẹ fi iṣẹ́ orí bébà sí àkókò tí iná kì í sí ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ fi ti kọ̀ǹpútà sí ìgbà tó máa ń wà. Lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ save fáìlì náà pẹ̀lú ọjọ́ tuntun lórúkọ ẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí email ara yín, ẹ fi ìkejì sórí flash. Ọmọ lè da omi sórí laptop láàárín ìṣẹ́jú kan.

Àmì ohùn, ìgbẹ̀yìn ni

Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, ẹ fi àmì ohùn sílẹ̀ títí àtúnṣe ńlá á fi parí, kẹ́ ẹ má báa fàmì sórí ojú ewé tẹ́ ẹ máa yọ. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: ẹ tó ní àmì lábẹ́ ní kóòdù tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ẹ́ tó tún ní ohùn lórí ò ní kóòdù kan ṣoṣo, ṣe ni wọ́n máa ń so ó pọ̀, ọ̀nà tí fóònù gbà so ó dẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti laptop. Ọ̀rọ̀ méjì á jọra lójú yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà wá a, á rí ọ̀kan, á fo èkejì. Nítorí náà kíbọọ̀dù kan náà ni kẹ́ ẹ lò látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó bá jẹ́ Gboard lórí fóònù ni, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ fi orúkọ olú ẹ̀dá ìtàn dán an wò: tí iye tí kọ̀ǹpútà rí bá kéré sí ohun tẹ́ ẹ mọ̀, ìṣòro yẹn wà ńbẹ̀. Ẹ dẹ̀ di àkọtọ́ 1974, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, mú, kó má lọ jẹ́ pé "aiye" wà lójú ewé kan, "ayé" wà lójú kejì.

Iṣẹ́ àmì yìí ò nílò líìfù. Òun lẹ máa gbé padà sọ́fíìsì, ojú ewé mẹ́ta nígbà oúnjẹ ọ̀sán.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ 6 péré lẹ ní

Ọjọ́ kìíní, ẹ sùn, ẹ ṣe tilé. Ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, ẹ ka ìwé náà tán. Ọjọ́ kẹfà, ẹ ya àwòrán ìtàn ní àárọ̀, kẹ́ ẹ gbé ará ilé jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò ní tún nǹkan kan ṣe nínú ọjọ́ 6 yẹn, àmọ́ ẹ máa mọ gbogbo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tún ṣe, ìyẹn dẹ̀ ni apá tí Sátidé ò lè ṣe fún yín. Èyí tó kù, ẹ máa mú un ní Sátidé kan lóṣù. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń pín líìfù, ẹ tètè kọ orúkọ yín sí May kí ẹlòmíì tó mú un.